Bí A Ṣe Ń Yẹ Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ Àtijọ́ Wò ní Mùsíọ́mù

Ìbéèrè: Aránṣọ ni mí ní London, mo sì fẹ́ mọ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sára aṣọ láyé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì kò jẹ́ kí n rí ibi tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde. Ṣé mùsíọ́mù á jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé wo aṣọ náà gan-an?

Ìdáhùn: Wọ́n á jẹ́ kí ẹ wò ó. Láti ọdún 2025 tí Mùsíọ́mù Victoria and Albert ti ṣí V&A East Storehouse, ilé tí wọ́n ń kó àwọn nǹkan wọn pa mọ́ sí, ní Stratford, ẹnikẹ́ni ló lè béèrè pé kí wọ́n gbé nǹkan tó tó márùn-ún jáde fún òun lọ́fẹ̀ẹ́, bí ó bá ti sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ wò ó lórí ìkànnì wọn bóyá ibẹ̀ ni aṣọ tí ẹ ń wá wà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà yìí máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ẹ wo T.190-1960: 1960 ni ọdún tí aṣọ náà dé mùsíọ́mù, nígbà tí ọdún 1598 wà lára aṣọ fúnra rẹ̀, níbi tí Jane Bostocke ti fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí ọmọ kan tó ń jẹ́ Alice Lee. Aṣọ àpẹẹrẹ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń dán oríṣiríṣi ọnà wò, òwú ṣẹ́dà àti òwú onírin ni ó sì fi ṣe é sórí aṣọ ọ̀gbọ̀. Nínú àwọn aṣọ àpẹẹrẹ ilẹ̀ Britain tí ọdún wà lára wọn, kò sí èyí tí a mọ̀ tó dàgbà jù ú lọ.

Ẹ̀yìn aṣọ ni kí ẹ béèrè fún, ó kéré tán àwòrán rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn yín wà. Ìmọ́lẹ̀ ti mú kí àwọ̀ ojú aṣọ ṣá, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn sábà máa ń mọ́ yòò síbẹ̀, ẹ ó sì rí bí òwú ṣe fo láti ọnà kan bọ́ sí òmíràn. Bí wọ́n bá ti fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀, wọn kò ní tú u nítorí yín, wọn kò sì jẹ̀bi. Níbi tí òwú bá ti já dànù, ẹ wá ilà tàdáwà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ya ọnà náà. Ẹ má sì tètè pe iṣẹ́ olówú dúdú ní iṣẹ́ àṣepatì: irin inú aró dúdú ìgbà náà ló máa ń jẹ òwú náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jẹrà.

Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ mú lọ, ẹ má mú bírò. Ọnà kan ṣoṣo ni kí ẹ yà, kí ẹ sì ka iye òwú aṣọ tí abẹ́rẹ́ ń fò kọjá lẹ́ẹ̀kan.