Ta ni òyìnbó tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà Vietnam débi pé ó ń kó o jọ?

Dominic Scriven lẹ ń bèèrè yẹn. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó wà lára àwọn tó dá Dragon Capital sílẹ̀ ní Ho Chi Minh City lọ́dún 1994, iṣẹ́ ìdókòwò ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ kì í ṣe pé ó kàn wá pawó o, ó ti kọ́kọ́ jókòó kọ́ èdè wọn ní Hanoi, ìyẹn gan-an ni mo rò pé ó jẹ́ kọ́rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, torí pósítà ìjọba ayé ogun ló ń kó jọ jù, àwọn tí wọ́n fọwọ́ yà tí wọ́n fi ń rọ aráàlú pé kí wọ́n jà, kí wọ́n gbin ìrẹsì, tóò bá sì gbédè, ìdajì ẹ̀ ti bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Bébà lásán ni, òjò àtooru ì bá ti bà á jẹ́. Dogma lorúkọ àkójọ yẹn.

Èyí tó wú mi lórí jù ni pé kò dúró sórí tàtijọ́ nìkan, ó tún gbé Dogma Prize kalẹ̀ fáwọn ayàwòrán òde òní ibẹ̀, àwòrán ara ẹni ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà.