Pereira tó jẹ́ Alhaji: ìbéèrè yín lórí àwọn Àgùdà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, àfẹ́sọ́nà mi ọmọ Lagos Island, Pereira lorúkọ wọn. Mo ti rò pé Kátólíìkì ni gbogbo wọn, àfi bí mo ṣe débẹ̀ tí mo rí i pé Alhaji ni bàbá àgbà, tí àbúrò wọn obìnrin sì wà nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì. Good Friday, wọ́n tún gbé ẹ̀wà kan fún mi tó dùn bíi ṣúgà. Màmá mi ní ṣé Yorùbá tiẹ̀ làwọn yìí ṣá? (Ìyàwó Ọ̀la)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, sọ fún màmá kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ó tiẹ̀ lè jẹ́ Ẹ̀gbá yín náà ni ìran wọn ti ṣẹ̀. Àgùdà là ń pè wọ́n, àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú sí Bùràsílì tí wọ́n padà wálé, àti ìran wọn. Níbẹ̀, wọ́n fi orúkọ olówó wọn tàbí ti ẹni tó dúró fún wọn níbi ìsàmì pè wọ́n, ìgbà tí wọ́n wá ra ara wọn padà tí wọ́n wọkọ̀ ojú omi wálé, orúkọ yẹn bá wọn wálé ni. Ti Alhaji yẹn ò sì yẹ kó yà yín lẹ́nu rárá. Ní 1835 àwọn Mùsùlùmí, Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn, gbé ìjà dìde ní Salvador ní Bàhíà, ìjọba borí wọn, wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú, àwọn mìíì fúnra wọn rí i pé ibẹ̀ ò gbèèyàn mọ́, wọ́n palẹ̀ mọ́. Látìgbà yẹn ni Ìmàle ti wà láàárín Àgùdà.

Ní Èkó wọ́n dó sí Pópó Àgùdà, ní agbègbè Campos Square. Àwọn Sàró tó ti Sierra Leone dé wà ní Olówógbowó, ọmọ onílẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn tó bá Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n ti lé kúrò lórí ìtẹ́, ti Ẹ̀pẹ́ padà ní 1862 wà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín síra wọn o, oníkálukú ló ń fojú àlejò wo ẹnì kejì. Sàró gbọ́ Òyìnbó, òun ló ń rí iṣẹ́ ọ́fíìsì, Àgùdà ní tiẹ̀ mọ iṣẹ́ ọwọ́, kápẹ́ńtà, bíríkìlà, télọ̀. Lójú tèmi iṣẹ́ ọwọ́ yìí ló so wọ́n pọ̀ ju ìwàásù lọ, torí kò sẹ́ni tó lówó tí ò fẹ́ kí Àgùdà kọ́lé fóun. Ẹ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street tí wọ́n ṣí ní 1894: Sàró tó jẹ́ Mùsùlùmí ló lowó, João da Costa, Àgùdà, ló kọ́ ọ.

Ẹ̀wà yẹn, fìrèjọ́ọ̀nù ni. Wọ́n á se ẹ̀wà títí á fi rọ̀ dáadáa, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá rin àgbọn, fún omi funfun ẹ̀ sí i, fi ṣúgà sí i, kí wọ́n tó gbé e padà síná, ẹ sì máa rò ó kó má baà jóná nídìí. Gàrí Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń bù lé e lórí, ọbẹ̀ ẹlẹ́ja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọn kì í jẹran lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ń gbé e káàkiri àdúgbò ni o, Mùsùlùmí ilé kejì náà ń retí abọ́ tiẹ̀. Tètè lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ ẹ jàre.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé mọ́ṣáláṣí kan wà tó dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì? (Bọ̀dá Kọ́lá, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ní Benin. Àwọn Àgùdà tibẹ̀ náà ni, irú iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ láti Bàhíà ni wọ́n gbé síbẹ̀, iwájú ẹ̀ bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì gẹ́lẹ́, ọ̀dà oríṣiríṣi lára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lọ Cotonou ẹ yà wò ó, kò jìnnà sọ́nà.