Ọmọ Mi Mọ Kẹ́mísírì, Ṣùgbọ́n Tíọ́rì Ń Gbé E Ṣubú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ìsánlú ni mo wà, gaàrí ni mo ń tà. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS3, ó máa ṣe WAEC lọ́dún yìí. Bí wọ́n bá ní kó mú ìdáhùn láàárín A sí D ní kẹ́mísírì, ó máa ń gbà á dáadáa. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣe mọ́ọ̀kì, máàkì tó gbà nínú tíọ́rì kò tó ìdajì. Alaalẹ́ ló ń kàwé o. Èmi ò kàwé kọjá pírámárì. Kí ni kó ṣe? Ṣé nǹkan kan wà tí èmi náà lè bá a ṣe?

ÌDÁHÙN: Òkun o, Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kàbà níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì, irú ọmọ yín sì pọ̀ lọ́wọ́ mi: ohun tó mọ̀ pọ̀ ju ohun tó ń rí kọ sílẹ̀ lọ. Kíkà nìkan kò lè tún ìyẹn ṣe. Kó dín ìwé tó ń kà lálẹ́ kù sí ìdajì, kó fi àkókò tó kù máa kọ ìdáhùn pẹ̀lú báírò, kí ìwé wà ní pípadé. Ẹ̀yin gan-an lè bá a máàkì lára rẹ̀.

Pépà 2 ni tíọ́rì. Wákàtí 2 ni wọ́n máa fi ṣe é, máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 100. Apá A ní ìbéèrè kéékèèké 10, dandan ni gbogbo rẹ̀, máàkì 25 ló wà níbẹ̀. Apá B ní ìbéèrè ńlá 4, á mú 3, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní máàkì 25. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló kan Apá A, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló kan ìbéèrè ńlá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá jókòó ti ìbéèrè kan tó fẹ́ràn fún odidi wákàtí kan kò lè rí ju 25 gbà lórí rẹ̀, bó ti wù kó kọ ọ́ dáadáa tó.

Ibi tí mo ti ń rí i tí máàkì ń lọ jù ni òfin àti ìtumọ̀. Ẹ mú òfin Boyle. Ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ pé bí a bá ṣe ń tẹ gáàsì mọ́ ni àyè tó gbà ń dín kù. Wọn ò purọ́, àmọ́ kò tíì pé. Ìwọ̀n gáàsì náà kò gbọ́dọ̀ yí padà, ìyẹn ni pé a ò fi kún un, a ò sì yọ níbẹ̀. Ìgbóná rẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ẹni tó ń máàkì ń wá ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, bí kò bá sì rí wọn, kò ní bá ọmọ ro ohun tó ní lọ́kàn. Iṣẹ́ yín àkọ́kọ́ nìyí: ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kó kọ òfin mẹ́ta láìwò. Tó bá kọ ọ́ tán, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, kí ẹ máa fi ìka tọ̀ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti fo nǹkan, ẹ fi báírò pupa fa ìlà sí i. Ẹ ò nílò kẹ́mísírì láti ṣe ìyẹn.

Bí wọ́n bá ní kó ṣàlàyé ìdí, kó má fi ẹsẹ̀ kan dúró. Wọ́n lè béèrè ìdí tí omi fi ń hó ní 100 °C, tí H₂S (hydrogen sulphide, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́) sì ti ń hó ní nǹkan bíi −60 °C. Ọmọ á kọ pé "hydrogen bond ló fà á", ìyẹn ìdè tó so mólékù omi kan mọ́ òmíràn, á kọjá lọ. Ó ku ìlàjì ìdáhùn. Ó gbọ́dọ̀ sọ ti H₂S náà, pé agbára tó so àwọn mólékù tirẹ̀ mọ́ra kò le tó bẹ́ẹ̀, kó wá fi kún un pé ooru púpọ̀ ni a nílò láti já ìdè tó wà láàárín àwọn mólékù omi.

Ìṣirò ni mo gbádùn jù láti kọ́ni, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ tó fara balẹ̀ ti ń rí máàkì kó. Ẹ mọ òkúta tí wọ́n ń wà ní Obajana, tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Limestone ni wọ́n ń pè é nínú ìwé wọn, CaCO₃. Ká ní wọ́n béèrè pé bí a bá sun 10.0 g rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi yí padà, báwo ni gáàsì tó jáde ṣe pọ̀ tó ní s.t.p. (ìgbóná àti ìtẹ̀mọ́ra tí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n)? Ọmọ tó yára lè kọ 2.24 lójú ẹsẹ̀. Ohun tó yẹ kó wà lórí ìwé nìyí (mole ni òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iye èròjà, dm³ kan sì jẹ́ lítà kan):

CaCO₃ → CaO + CO₂
Mole 1 CaCO₃ = 40 + 12 + (3 × 16) = 100 g
10.0 ÷ 100 = 0.100 mol
Mole 1 CaCO₃ ń mú mole 1 CO₂ jáde, nítorí náà CO₂ = 0.100 mol
Mole 1 gáàsì ní s.t.p. = 22.4 dm³
0.100 × 22.4 dm³ = 2.24 dm³

Bó bá ṣi ìlà tó kẹ́yìn ṣe, ó ṣì lè gba máàkì àwọn ìlà tó wà lókè. Bó bá jẹ́ ìdáhùn nìkan ló kọ, tó sì ṣì í, òfo ni. Ẹ tún wo dm³ yẹn. Iṣẹ́ yín kejì ni pé nọ́ńbà tó bá parí ìṣirò kò gbọ́dọ̀ dá dúró: g, mol, dm³, °C, ohun kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Èyí tó bá dá dúró, ẹ yí i po.

Iṣẹ́ kẹta, ẹ máa ṣọ́ lẹ́tà ńlá àti kékeré. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ bí a ṣe ń yọ irin lára òkúta bíi ti Itakpe, Fe₂O₃ + 3CO → 2Fe + 3CO₂ ni. Ọmọ tó bá kọ "Co" dípò "CO" (gáàsì carbon monoxide) ti kọ irin mìíràn, cobalt, equation náà sì ti bàjẹ́.

WAEC máa ń gbé ìjábọ̀ àwọn olórí olùdánwò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti sọ àṣìṣe tí àwọn ọmọ ṣe lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Kó fi fóònù kà á lẹ́yìn tó bá ti dáhùn ìbéèrè ọdún náà, kì í ṣe ṣáájú. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní òun ní èkísípò, ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Wọ́n lè fagi lé èsì ọmọ nítorí rẹ̀.

Ní Sátidé, bí kì í bá ṣe ọjọ́ ọjà yín, ẹ jẹ́ kó jókòó ti odidi Pépà 2 ọdún kan. Ẹ gba fóònù, ẹ gbé aago síwájú rẹ̀, kí àwọn àbúrò rẹ̀ má pè é. Tí wákàtí 2 bá pé, ẹ gba ìwé náà bó bá ṣe wà, bí kò tilẹ̀ tíì parí. Ẹ ṣe iṣẹ́ mẹ́ta tiyín lórí rẹ̀, kó sì gbé èyí tó kù lọ fún tíṣà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.