Ṣé kí n gbẹ́ gọ́tà sí akùrọ̀ mi kí n tó gbin tíìkì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ra éékà méjì lẹ́yìn Mọ́níyà n'Ìbàdàn, ìdajì rẹ̀ akùrọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Finland ní wọ́n gbẹ́ gọ́tà sí àbàtà níbẹ̀ nígbà kan, igi sì ṣe dáadáa. Ṣé kí n pe katakata wá?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pè é. Òótọ́ lẹ̀gbọ́n yín sọ, ilẹ̀ ló yàtọ̀. Òkú koríko tí kò jẹrà tán ni àbàtà tiwọn: omi bò ó, òtútù mú un, ó sì ń gorí ara rẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Gbòǹgbò ń mí bíi tiwa, kò sì rí afẹ́fẹ́ nínú omi, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí igi páìnì wọn dàgbà. Wọ́n wá gbẹ́ gọ́tà, pàápàá láàárín 1960 sí 1980, omi lọ sílẹ̀, igi ta sókè. Àmọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe wọlé, ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ó ń rì, ó sì ń tú kábọ́ọ̀nù sójú ọ̀run. Oúnjẹ igi tún ń tán nínú rẹ̀, débi pé eérú ni wọ́n ń fọ́n sí i. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé igi tó ti dàgbà níbẹ̀ ń fa omi bíi gọ́tà. Tí wọ́n bá gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, omi á tún gòkè.

Tiyín kì í ṣe irú ìyẹn. Ooru ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí ewé pẹ́ kó tó jẹrà. Amọ̀ àti yanrìn lẹ máa bá níbẹ̀. Tíìkì kò sì fẹ́ kí omi dúró nídìí òun rárá. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹ gbẹ́ ihò tó dé orúnkún síbi mẹ́ta, kí ẹ padà wò ó lọ́jọ́ kejì. Ibi tí omi bá ti kù díẹ̀ kó kún, ẹ gbin abura, igi àbàtà ni, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà sì mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé tíìkì lọ sí apá òkè tó gbẹ. Ẹ béèrè irúgbìn lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ igbó ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn níbí.

Gọ́tà ńlá kàn máa da omi yín sí ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni, ẹni tó bá sì rántí omíyalé odò Ògùnpa n'Ìbàdàn lọ́dún 1980 kò ní fi ìyẹn ṣeré. Kí abura tó ṣíji, ẹ máa gbin ewédú sáàárín rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oṣù kejì ló máa ń wọ́n lọ́jà.