Ẹ má tíì yí oògùn wọn padà

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní àwọn tó ń gba oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní kíníkì yín kò gbádùn, ẹ sì ń ròó bóyá kí ẹ yí oògùn padà.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n ń lò ó. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n gbà á kẹ́yìn, kí ẹ wá bi wọ́n pẹ̀lẹ́: "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ gbàgbé lọ́sẹ̀ tó kọjá?" Ọ̀pọ̀ ti dá a dúró nítorí inú ríru tàbí àìróorunsùn, ojú ló ń tì wọ́n láti sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn wí.

Bí wọ́n bá ń lò ó, ṣé ìwọ̀n rẹ̀ tó? Ṣé ó ti pé ọ̀sẹ̀ 4 sí 8? Ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbé sókè ni mo máa ń rí jù.

Ẹ máa kọ máàkì PHQ-9 (ìbéèrè mẹ́sàn-án tí a fi ń wọn bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣe le tó) sílẹ̀ nígbà gbogbo. Bí 18 bá di 9, oògùn ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìsàlẹ̀ 5 là ń lé.

Ẹni tí kò sí nínú ewu lọ̀rọ̀ yìí wà fún o. Ẹni tó bá ń ronú àtigba ẹ̀mí ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí dókítà lónìí.