Ṣé Kí N Ṣe Iṣẹ́ Paralegal, Àbí Kí N Padà Sí JAMB?

Ìbéèrè: Bàrísítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀fà ni mò ń gbé. Mo gba dípúlómà nínú ìmọ̀ òfin ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n ọjà Ọ̀wọ́dé ni mo wà báyìí, mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ta aṣọ. Ẹnìkan ní kí n lọ ṣe iṣẹ́ paralegal, ìyẹn ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òfin láìjẹ́ lọ́yà. Mo wo fídíò kan láti Kánádà, mo sì rí i pé àwọn paralegal ibẹ̀ ń gbẹjọ́ rò fún èèyàn. Bàbá mi ní iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́yà ni, pé kí n tún JAMB ṣe. Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú àròjinlẹ̀. Kí lo fẹ́ràn gan-an nínú iṣẹ́ òfin? Bó bá jẹ́ wíìgì àti gáùn, kí o dìde níwájú adájọ́ kí o sì rojọ́, ni ọkàn rẹ ń fà sí, bàbá rẹ ló sọ òótọ́: padà sí JAMB. Bó bá jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ká mọ́ ni o fẹ́ dúró tì, tí o sì ní sùúrù fún ìwé tí kò gbọdọ̀ ní àṣìṣe, iṣẹ́ yìí yóò bá ọ lára mu. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí o gbà á bí ọ̀nà àbùjá sí iṣẹ́ lọ́yà. Ọ̀nà yẹn kò já síbẹ̀.

Òótọ́ ni ohun tí o rí nínú fídíò. Ní Ontario ní Kánádà, láti 2007 ni ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso àwọn agbẹjọ́rò ti ń fún paralegal ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì lè ṣojú èèyàn nínú ẹjọ́ owó tí kò pọ̀, ẹjọ́ onílé àti ayálégbé, àti ẹ̀sùn ojú títì. Òfin tiwọn nìyẹn. Níbí, òfin Legal Aid ti 2011 mọ paralegal: ó gba Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń ran ẹni tí kò lówó lọ́yà lọ́wọ́, láyè láti fún ẹni tó bá ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ ní ìwé àṣẹ. Ìwé àṣẹ yẹn kì í ṣe ìwé lọ́yà o. Nínú ọ̀pọ̀ ṣáńbà, ìyẹn ọ́fíìsì lọ́yà, ní Ìlọrin, kílákì tàbí akọ̀wé ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí náà bí o bá ń wá iṣẹ́, orúkọ yẹn ni kí o fi béèrè.

Bàbá rẹ ní iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò gbà. Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà kan bá wá torí oko ọkọ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà. Kò mọ̀wé. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún, ó ń fo láti ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Kílákì tó mọṣẹ́ yóò jókòó tì í, yóò bi í pé ta ni wọ́n jọ pààlà, lápá ibo ni pèrègún wà, ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbìn ín. Yóò kọ ọ́ sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì fún àfídáfìtì, ìyẹn ìwé ìbúra, yóò wá túmọ̀ rẹ̀ padà fún ìyá ní Yorùbá, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn. Ibẹ̀ ni ìyá yóò ti sọ pé, "Rárá o, mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àbúrò ọkọ mi ló sọ fún mi." Wọ́n á tún un kọ. Kí ìyá tó tẹ̀ka, ó gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé pé wọ́n ti kà á sí i létí lédè Yorùbá, ó sì yé e, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kà á. Bí ìlà yẹn bá fò, agbẹjọ́rò òdìkejì yóò dìde, yóò sì ní ìwé náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyá. Ẹjọ́ oko tí ìdílé kan ń jẹ lórí rẹ̀ lè wọ́lẹ̀ torí ìlà kan. Ẹni tó mójú tó ìlà yẹn, ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ ni?

Àgọ́ ọlọ́pàá náà ń kọ́? Apá 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n mú torí ìfura, bí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e dé iwájú adájọ́. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, àfi tí kóòtù bá ní ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ẹ̀sùn tó lè gba ẹ̀mí yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí kò mọ èyí, wọ́n kàn ń kówó kiri fún béèlì tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó lè bi wọ́n ní ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú ọmọ wọn, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì pe lọ́yà lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló ṣe.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí dáadáa, torí ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà nìyí. Àwọn aládùúgbò yóò máa bẹ̀ ọ́ pé, "Bá wa kọ àgírímẹ́ǹtì ilẹ̀ yìí, a ó fún ọ ní nǹkan." Má ṣe é. Apá 22 òfin tó ń darí iṣẹ́ agbẹjọ́rò sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò láti gbowó kọ ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé ẹjọ́ fún èèyàn. O lè kọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó fọwọ́ sí i. Ìbuwọ́lùwé gan-an kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 2007, nínú ẹjọ́ Okafor pẹ̀lú Nweke, Kóòtù Tó Ga Jùlọ da ìwé nù torí pé orúkọ ṣáńbà ni wọ́n fi buwọ́ lù ú, kì í ṣe orúkọ agbẹjọ́rò kan pàtó.

Ti owó, n kò ní tàn ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ṣáńbà, owó oṣù kílákì kò tó nǹkan, àwọn mìíràn sì ń dá a dúró títí oníbàárà á fi sanwó. Béèrè kí o tó bẹ̀rẹ̀: èló ni, ọjọ́ wo, ta ló ń san owó ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá rán ọ lọ kóòtù? Ọ̀gá tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, wá ibòmíràn. Fún ìwọ tó wà ní Ọ̀fà, má sáré wá sí Ìlọrin. Kóòtù wà lọ́dọ̀ yín, àwọn lọ́yà sì ní ọ́fíìsì níbẹ̀. Bẹ̀ wọ́n pé kí o wá fún oṣù mẹ́ta, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ọjà ẹ̀gbọ́n rẹ má bàa dúró. Láàárín oṣù mẹ́ta náà, ìwọ fúnra rẹ yóò mọ̀ bóyá fáìlì ń sú ọ tàbí ó ń dùn mọ́ ọ.

Bí o bá wá rí i pé lọ́yà gan-an lo fẹ́ dà, dípúlómà rẹ kò lè gbé ọ dé Nigerian Law School. Dìgírì òfin ni wọ́n ń béèrè. Ọdún márùn-ún ni láti UTME, ìdánwò JAMB, mẹ́rin ni fún Direct Entry, ìyẹn fífi ìwé ẹ̀rí bíi dípúlómà wọlé, lẹ́yìn náà Law School bí ọdún kan. Yunifásítì kan ń fi dípúlómà òfin gba Direct Entry, òmíràn kò gbà á. Lọ wo ohun tí wọ́n kọ lórí ètò òfin ti UNILORIN, Al-Hikmah àti KWASU nínú ìwé ìtọ́ni JAMB ti ọdún yìí kí o tó ra fọ́ọ̀mù. Kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ tí o ti jáde ní ọ̀sẹ̀ yìí pé kí wọ́n bá ọ ṣe transcript, ìwé àkọsílẹ̀ èsì ẹ̀kọ́ rẹ, sílẹ̀, torí ó máa ń pẹ́.