Ṣé iṣu àti ilasa ló ń mú obìnrin bí ìbejì?

Ìyàwó tuntun kan ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo, ló béèrè pé: “Oṣù kẹta rèé tí mo ti wọlé ọkọ. Alaalẹ́ ni ìyá ọkọ mi ń ro àmàlà fún mi, wọ́n á bu ọbẹ̀ ilasa lé e, wọ́n á ní, ‘Ẹ̀jìrẹ́ la fẹ́ o.’ Kí ni ìtumọ̀ àṣà yìí? Ṣé òótọ́ ni?”

Àbúrò mi, Ẹ̀jìrẹ́ ni èjì tó rẹ́, méjì tí wọ́n jọ wà ní ìrẹ́pọ̀. Nínú oríkì wọn, àwọn fúnra wọn ló ń yan ilé: wọ́n bẹ́ sílé alákìísà, wọ́n sọ ọ́ di aláṣọ. N kò gbọ́ ìkòkò ọbẹ̀ níbẹ̀ rí. Níbí, ẹni tó ń wá ọmọ, odò Ọ̀ṣun ni wọ́n máa ń júwe fún un. Ọ̀rọ̀ ilasa, ìyẹn ewé ilá, àwọn ará Igbó-Ọrà la ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn jù.

Wọ́n sì ní ohun tí wọ́n rí. Dókítà Nylander, tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ka ìbejì bíi 45 sí 50 nínú ìbímọ 1,000 ní Igbó-Ọrà. Ìbejì ẹlẹ́yin méjì ló pọ̀ jù nínú wọn: obìnrin náà yọ ẹyin méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹṣẹ́ kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ tó ń tú họ́mónù tí ń mú ẹyin gbó sínú ẹ̀jẹ̀. Nylander rí i pé họ́mónù yẹn pọ̀ lára àwọn ìyá ìbejì ju ti àwọn tó bí ọ̀kan lọ.

Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti mú iṣu wọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní iṣu ní èròjà tó jọ ẹ́sírójìn, họ́mónù obìnrin. Èròjà bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́ nínú ọ̀pọ̀ ewéko; ẹ̀wà sóyà ló gbajúmọ̀ jù fún un. Ó ń bọ́ sójú ihò tí họ́mónù ara máa ń bọ́ sí bíi kọ́kọ́rọ́, àmọ́ agbára rẹ̀ kò tó ti ara rárá. Ti iṣu tilẹ̀ yàtọ̀. Láàárín 1940 sí 1945, Russell Marker, ará Amẹ́ríkà, fa èròjà kan tí wọ́n ń pè ní diosgenin jáde lára iṣu igbó ilẹ̀ Mexico, ó sì sọ ọ́ di họ́mónù oyún. Ásíìdì àti iná ló fi ṣe é. Ikùn wa kò ní ohun tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ohun tó yẹ kí ìyá ọkọ rẹ gbọ́ ni ti àwọn àgùntàn ilẹ̀ Ọsirélíà. Lọ́dún 1946, Bennetts àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àgùntàn tó ń jẹ koríko kan tí wọ́n ń pè ní clover. Ẹ́sírójìn inú koríko náà pọ̀ débi pé wọn kò lóyún mọ́. Àgàn ló sọ wọ́n dà, kì í ṣe ìyá ìbejì!

Ní Ọjà Ọba ní Sátidé tó kọjá, mo dúró ti ìyá kan tó ń ta ilasa gbígbẹ. Wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rún un títí ó fi kúnná, wọ́n ní, “Èyí ni mo jẹ tí mo fi bí Táíwò àti Kẹ́hìndé.” Mo bi wọ́n léèrè àwọn àbúrò wọn obìnrin tí wọ́n jọ jẹun nínú ìkòkò kan náà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọ́n ń bí.”

Ohun tó dájú ni pé ìbejì ẹlẹ́yin méjì máa ń rìn nínú ìdílé ìyá, ó sì máa ń pọ̀ sí i bí obìnrin bá ti ń dàgbà tàbí tó ti bímọ rí. Oyún ìbejì náà ní ewu tirẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ìdí nìyẹn tí kò fi dùn mọ́ mi kí a máa fi lé ìyàwó tuntun lọ́rùn.

Má kọ oúnjẹ wọn o. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń gbé e sílẹ̀, àdúrà ni wọ́n sì ń ṣe. Fólétì tó ń ṣe ọmọ inú lóore wà nínú ewé tútù, ṣùgbọ́n lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé kí wọ́n fún ọ ní oògùn fólíkì, máíkíróógíráàmù 400 lójúmọ́, kí oyún tó dé. Lálẹ́ òní, kúnlẹ̀ kí o gba abọ́ náà, kí o wá sọ pé, “Ẹ ṣé mà. Tó bá di ọ̀la, ẹ jẹ́ kí n se ẹ̀wà, kí n fi ẹja sí i.”